Ṣé iná ló ba ọ̀dàn Òkè-Ògùn jẹ́?

Arákùnrin kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́. Bàbá wa fi ilẹ̀ hẹ́kítà 6 sílẹ̀ fún wa lọ́nà Ìgbòho. Ọdọọdún ni iná ń jó o kanlẹ̀, tó bá ti di oṣù kejì gbogbo ẹ̀ á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnì kan tó ń ta ọmọ igi sọ fún wa pé ilẹ̀ náà ti bàjẹ́, pé igbó ńlá ni tẹ́lẹ̀, iná ló sọ ọ́ di pápá, àti pé aṣálẹ̀ ló ń bọ̀ tá ò bá gé àwọn igi játijàti tó wà níbẹ̀ ká fi tíìkì kún un. Àbúrò bàbá wa ní irọ́ ni, pé látayébáyé ni wọ́n ti ń jó o. Ta ni ká gbọ́? Ṣé ká dá iná dúró pátápátá? Àti pé kí ló pa àwọn ẹran ìgbẹ́ tí bàbá wa máa ń ròyìn wọn fún wa?"

Àbúrò mi, mo kí ọ o. Ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára torí mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, kì í ṣe iná nìkan lò ń bi mí, ẹ̀rù ló ń bà ọ́ pé ilẹ̀ bàbá yín ń kú lójú ẹ̀yin ọmọ ẹ̀, ẹ sì ń wò ó níran. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ igbó ọba káàkiri Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí, mo ti dáná sí ọ̀dàn rí, mo ti pa iná ọ̀dàn rí, mo ti gbin tíìkì, mo sì ti sunkún nídìí tíìkì, màá sọ ìyẹn fún ọ tó bá yá. Ẹni tó ń ta ọmọ igi yẹn sọ òótọ́ kan, ó wá lọ́ irọ́ mọ́ ọn. Àbúrò bàbá yín náà sọ òótọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ tó ti bàjẹ́" yìí ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ibi tí igi bá wà. Ẹgàn ni wọ́n ń pe igbó kìjikìji tí oòrùn kì í fojú kan ilẹ̀ ẹ̀, ọ̀dàn sì ni wọ́n ń pe ibi tí koríko ti gba gbogbo ilẹ̀ tí igi wá dúró káàkiri inú ẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Wọn ò pe ọ̀dàn ní ẹgàn tó ń ṣàìsàn. Nǹkan ọ̀tọ̀ ni, ó ní igi tiẹ̀, ẹran tiẹ̀, ẹyẹ tiẹ̀, kódà ó ní koríko tí wọ́n fi ń kọ́lé, bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé, tí wọ́n máa ń gbé wá fún Aláàfin láyé àtijọ́ pẹ̀lú ọdún ńlá ní Ọ̀yọ́, ṣé inú ẹgàn ni wọ́n ti rí bẹẹrẹ ni? Irú àwọn koríko yìí tó fẹ́ràn oòrùn gan-gan tó sì máa ń gbẹ fúnra ẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, láti bíi mílíọ̀nù ọdún 8 sẹ́yìn ni wọ́n ti ń gba ilẹ̀ láyé, kò tíì sí èèyàn kankan nígbà yẹn, àrá ló ń sán tó ń dáná sí i.

Tún wo ọ̀rọ̀ ẹṣin. Agbára Ọ̀yọ́-Ilé, orí ẹṣin ló wà, ẹṣin kì í sì í pẹ́ nínú ẹgàn, eṣinṣin tó ń gbé àrùn sùnrunsùnrun kiri á pa á, igi ò sì ní jẹ́ kó sáré. Ojú ọ̀dàn làwọn ọmọ ogun Aláàfin ń gbà, ọ̀nà ọ̀dàn yẹn náà ni wọ́n tọ̀ títí dé etíkun lápá Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lónìí, torí ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, ọ̀dàn ló ya igbó ńlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì tó sì kan òkun. Nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn tí òjò dín kù níbẹ̀ ni ojú ọ̀dàn yẹn là. Torí náà ẹni tó bá ní ilẹ̀ Ìgbòho jẹ́ ẹgàn tí bàbá ẹ jó dànù, kò mọ ìtàn ilẹ̀ náà. Òótọ́ ni pé bá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ síhà Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, a máa rí ibi tó jẹ́ ẹgàn nígbà kan tí oko dídá àti iná sọ di ọ̀dàn, ìyẹn wà, mi ò jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún, ọ̀dàn ti pẹ́ níbẹ̀.

Òótọ́ tí ẹni tó ń ta ọmọ igi sọ wá nìyí: níbi tí òjò bá ti pọ̀ tó, iná wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí igi bo koríko. Ní Áfíríkà, ibi tí òjò ọdún kan bá ti kọjá nǹkan bíi mìlímítà 650, igi lè pàdé lórí tí nǹkan kan ò bá dí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ tiyín ní Ìgbòho ju 1,000 lọ. Wọn ò sì lọ òkè òkun kí wọ́n tó dán èyí wò, ní Olókemèjì níbí ni, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1929, àwọn onígbó ọba bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀, wọ́n gé igi orí ilẹ̀ náà, wọ́n wá pín in. Apá kan, ọdọọdún ni wọ́n ń jó o níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kejì, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jó o. Apá kẹta, iná ò gbọdọ̀ dé bẹ̀ rárá. Ọdún 28 lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí iná ò dé ti ń di igbó gidi, àwọn igi tí kì í lè fara da iná ti wọlé, koríko ti ń kú lábẹ́ òjìji. Èyí tí wọ́n ń jó níparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló kún ibẹ̀, igi ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n ń jó níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàárín àwọn méjèèjì, igi wà níbẹ̀ dáadáa, koríko náà ò tán. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ẹẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń jó méjèèjì o, nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré ló yà wọ́n. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀, mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, kò yé mi, iná ni mo ń pè ní iná, mi ò mọ̀ pé oṣù tí wọ́n dá a ló ń sọ irú iná tó jẹ́.

Àmọ́ nígbà tó o bá ti dúró níwájú méjèèjì, ó máa yé ọ. Ní ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá, omi ṣì wà lára koríko, ìrì ṣì ń sẹ̀, iná tó o bá dá nígbà yẹn máa ń rìn bí arúgbó ni, á jó níbí, á fo ibẹ̀ yẹn, tó bá dalẹ́ tí ìrì bá ti balẹ̀ ó lè kú fúnra ẹ̀, o lè fi ewé tútù nà án pa. Tó bá wá di oṣù kejì wọ oṣù kẹta, ọyẹ́ ti fa gbogbo ẹ̀ gbẹ, ewé igi ti wọ́ sílẹ̀ kún un, koríko ga ju èèyàn lọ, iná yẹn máa ń ké ràmúràmù ni, á gun igi, màjàlà ẹ̀ á fò dé àárín ìlú. Àwòdì á máa yí lókè, lékelèké á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n ń ṣa tata tó ń sá àsálà, tó o bá ti rí àwòdì tó pọ̀ lójú kan lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn wàá ti mọ̀ pé iná wà lábẹ́ wọn. Igi kékeré tí kò tíì ga ju ọwọ́ iná lọ, òkè ẹ̀ á jóná pátápátá, gbòǹgbò ẹ̀ á tún rú, ọdún tó ń bọ̀ iná á tún pa òkè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá máa bá a lọ, o lè rí igi tó ga dé orúnkún ẹ tí gbòǹgbò ẹ̀ ti lo ọdún 10 nílẹ̀. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò rí ọdún méjì mẹ́ta ìsinmi kó fi ga kọjá iná.

Koríko ní tiẹ̀ ò bìkítà, torí ibi tó ti ń hù wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀, tí iná bá jó o lónìí, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì òjò ò tíì rọ̀ o, wàá rí ewé tútù. Ìdí nìyẹn táwọn darandaran fi ń dáná, ìdí nìyẹn táwọn ọdẹ náà fi ń dá a, ẹran á wá jẹ ewé tútù yẹn, ọdẹ á sì ríran jìnnà. Mi ò bá wọn jà lórí pé wọ́n dáná, ìgbà tí wọ́n ń dá a ni mò ń bá wọn jà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé eérú yẹn ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún, nítírójìn inú koríko náà ti bá èéfín lọ, eérú tó kù lóòótọ́ ní nǹkan díẹ̀ tó ń ṣe ilẹ̀ lóore, àmọ́ tí iná bá jẹ́ ti oṣù kejì, afẹ́fẹ́ á gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, òjò yẹn á wá bá ilẹ̀ ní ìhòòhò á sì gbá a.

Ohun tí mo ní kí n sọ nípa tíìkì nìyí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi oko tíìkì kan sí ìkáwọ́ mi, igi náà ti tó ọdún mẹ́ta, ó dára débi pé mo máa ń lọ wò ó lọ́jọ́ Sunday tí ò sẹ́ni tó rán mi. A ò jẹ́ kí iná dé bẹ̀ lọ́dún méjèèjì tó ṣáájú, à ń fi ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n iná tí a ò jẹ́ kó dé ibẹ̀, oúnjẹ ló ń kó jọ dè é, koríko ọdún méjì, ewé tíìkì tó fẹ̀ bí awo, gbogbo ẹ̀ gbẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ro ààlà iná ò jáde lásìkò, mo dúró, mo ń retí ẹ̀ dípò kí n fi ọwọ́ ara mi wá èèyàn. Ní oṣù kẹta iná wọlé láti apá kan tí wọ́n ti ń dọdẹ òyà, láàárín wákàtí méjì ó ti tán. Ọdún mẹ́ta lọ. Èmi ni mo jẹ̀bi ìdúró yẹn, ó ṣì ń dùn mí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹni tó bá sọ fún ọ pé kó o dá iná dúró pátápátá, kò sọ fún ọ pé ọdọọdún tó o bá fi dá a dúró ni iná tó ń bọ̀ ń le sí i, hẹ́kítà 6 sì rèé, ilẹ̀ ẹlòmíì yí i ká, o ò lè máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru láti Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ ńkọ́? Aṣálẹ̀ kọ́ ló ń bọ̀ ní Ìgbòho. Ibi tí òjò ti ju mìlímítà 1,000 lọ kì í di aṣálẹ̀ torí pé koríko jóná. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé igi ńlá á tán, ilẹ̀ á ṣá, koríko èkan á gba gbogbo ẹ̀, wàá wá ní ilẹ̀ tí kò wúlò fún àgbàdo kò wúlò fún màlúù. Iná oṣù kẹta wà lára ohun tó ń fa ìyẹn, àmọ́ òun nìkan kọ́. Àwọn tó ń sun èédú ń mú àyìn àti ẹ̀mí torí pé èédú wọn le tí kì í tètè jó tán, tọ́rọ́ọ̀kù tó ń kó èédú kúrò ní Òkè-Ògùn lójoojúmọ́, ojú gbogbo wa ni. Àwọn tó ń wá rósíwúùdù tí àwọn Haúsá ń pè ní màdóbíyà wá kó o lọ fún àwọn ará Ṣáínà, wọ́n gé e débi pé òfin àgbáyé fúnra ẹ̀ ní láti dá sí òwò igi yẹn. Katakata ń hú kùkùté igi ìyá àti gbòǹgbò gbogbo tí ì bá rú padà. Iná kì í hú gbòǹgbò.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "igi játijàti" yẹn bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tó o kọ. Àwọn wo ló jẹ́ játijàti? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀, igi tí a fi ń ṣe òrí nìyẹn, ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí ẹ̀mí tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, lẹ́yìn ìyẹn ó lè máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ìwọ àti ọmọ ẹ ò ní sí láyé mọ́. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ gégi wọbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ló ti gé ohun tí ọmọ-ọmọ ẹ̀ ì bá jẹ. Igbá tí à ń rí ìrú nínú ẹ̀ ńkọ́? Àwọn igi méjèèjì yìí, àwọn baba wa kì í gé wọn tí wọ́n bá ń ro oko, wọ́n á dá wọn sí láàárín àgbàdo àti ọkà bàbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ lóko àtijọ́ ju inú ìgbẹ́ lọ. Àbàfẹ̀ tó rí wọ́tiwọ̀ti yẹn, òun ló ń kọ́kọ́ padà sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi oko ṣá. Ẹ̀mí sì máa ń tanná láàárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, torí náà tí iná bá dé lóṣù kejì, òdòdó ẹ̀ ló ń jó, àwọn ìyá tó ń ṣa èso lóṣù karùn-ún á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí èso ò pọ̀ lọ́dún yìí.

Tó o bá wá ní kí n sọ ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ ilẹ̀ mi ni, mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀ di tíìkì, mi ò sì ní sọ pé tíìkì ò dára. Owó wà nínú ẹ̀, òpó iná àti igi ilé ò lè tán láyé. Ṣùgbọ́n abẹ́ tíìkì máa ń gbófo, ẹran ò rí nǹkan jẹ níbẹ̀, ilẹ̀ á wà láìní koríko tó dì í mú, òjò á máa ṣàn án lọ, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ ọdún kó o tó gé e. Mo lè fi hẹ́kítà kan tàbí kan àbọ̀ sí i, níbi tó sún mọ́ ọ̀nà tí mo ti lè ro ààlà yí i ká. Kajú náà ò burú, àwọn èèyàn Òkè-Ògùn ń rí owó ẹ̀, àmọ́ òun náà ń bẹ̀rù iná bí ojo, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń so náà ni iná ń wá a. Ilẹ̀ tó kù, màá fi sílẹ̀ bí ọ̀dàn, màá dá gbogbo ẹ̀mí àti igbá tó ń rú sí, màá sì máa jó o ní tètè, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì lọ́dún yìí, ìdajì lọ́dún tó ń bọ̀, kí ọmọ igi lè rí ọdún tí á fi ga, kí òyà àti àparò náà sì rí ibi sá sí.

Ní ti ẹran, àbúrò mi, iná kọ́ ló pa wọ́n. Ẹran ọ̀dàn mọ iná ju àwa lọ, àgbọ̀nrín á yà fún un, ìmàdò á wọ ihò, ọjọ́ kẹta wọ́n ti padà wá jẹ ewé tútù. Ìbọn àti tàkúté ló tán wọn, iná wá ń ran ọdẹ lọ́wọ́ láti lé wọn jáde, oko àti ọ̀nà ọkọ̀ sì gba ibi tí wọ́n ń sá sí. O ò jìnnà sí ibi tí wọ́n kù sí, Old Oyo National Park tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká fẹ̀ tó kìlómítà 2,500 níbùú lóròó, lọ́dún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ti wọn. Ìlú tí àwọn èèyàn sá kúrò nínú ẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840 ló wà nínú ẹ̀ yẹn, igi osè ńláńlá ṣì ń fi ibi tí agboolé wà hàn. Ẹfọ̀n, òtòlò, ìjìmèrè, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ mo rántí ìgbà tí mo lè kà wọ́n lójú ọ̀nà, ní báyìí o lè rìn látàárọ̀ kó jẹ́ ẹsẹ̀ màlúù lò ń rí. Kìnnìún ò sí mọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó kù ní gbogbo Nàìjíríà ò tó 50, Kainji àti Yankari ni wọ́n wà. Tó o bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ mọ bí ọ̀dàn ṣe yẹ kó rí, sọ fún wọn nípa igbó ẹranko Pendjari ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, erin àti kìnnìún ṣì ń rìn níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ náà máa ń dáná sí i fúnra wọn níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Hẹ́kítà 6 ò lè dá ẹfọ̀n padà, ó kéré. Àmọ́ ó lè dá òyà, ẹtù àti àparò padà láàárín ọdún díẹ̀ tẹ́ ò bá jẹ́ kí wọ́n dẹ tàkúté síbẹ̀, mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Tí o bá fẹ́ jó o, má dá nìkan ṣe é o. Ro ààlà yí i ká kí koríko tó gbẹ, kó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, sọ fún baálẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ní oko níbẹ̀, pàápàá ẹni tó ní kajú, bi àwọn onígbó ọba ìjọba ìbílẹ̀ yín ohun tí òfin sọ kó o tó ṣá ìṣáná. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o dá a, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò pọ̀, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn, kó má tì í síwájú. Èèyàn mẹ́fà ó kéré tán, kí omi wà. Ọmọ kékeré ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Tí oṣù kìíní bá ti wọlé o ò tíì jó o, gbàgbé ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn, torí náà gbogbo ohun tí mo sọ yìí lè yí padà tí mo bá rí i. Kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó tíìkì, ìwọ àti àbúrò bàbá ẹ ẹ lọ rìn ín já, òun mọ orúkọ àwọn igi náà, ẹ ka iye ẹ̀mí àti igbá tó ti nípọn ju itan èèyàn lọ, ẹ sì wo irú koríko tó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ bẹẹrẹ tàbí èrùwà ló pọ̀, ilẹ̀ yẹn ti sinmi, kò sóhun tó ń ṣe é, tètè jó o kó o sì dá igi sí. Tó bá jẹ́ èkan ló bò ó, oko ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ní ìtọ́jú tiẹ̀, ó sì ṣe é ṣe kó gba pé ká gbin nǹkan tó máa ṣíji bò ó lóòótọ́. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán tí o bá dé ibẹ̀.